Ẹ Gbọ́ Ọ Ni, àbí Ẹ Fi Sí I?

Àwọn tó ń kọ ìrántí ẹni tó ti lọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìyá mi àgbà kórìíra ẹ̀ gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà wọn, bírò pupa ni wọ́n fi máa ń fagi lé ojú ewé àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n bí bàbá yìí sí? Ohun tó ń bá a fínra ni kó o sọ fún mi." Ó dáa, Mọ́mì Àgbà. Ohun tó bá yín fínra ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ń wá ẹni tó máa ṣe olóòtú lẹ́yìn yín, ẹ sì wá a débi pé ọmọ bíbí inú yín ò fẹsẹ̀ kan ilé yín fún ìgbà pípẹ́.

Abẹ́kẹ́ ni ìyá wọn ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé wọ́n sinmi, onítọ̀hún ò wọ ilé wa ní Fọlá Àgòrò rí. Orí tábìlì oúnjẹ wa ni wọ́n ti ń ṣe olóòtú Àgbọ́yé, jọ́nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ èsì ìwádìí wọn sí lórí èdè, ìtàn àti àṣà, tí gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn. Bó o bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà nílé wa, wàá kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìwádìí prọ̀fẹ́sọ̀ kan kúrò lórí àga. Èmi Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ wọn, ni mo máa ń to àwọn ojú ewé náà sórí kọ̀ǹpútà kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé ní Bájùláyé. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó ni mo sì máa ń tò jù. Ti Mọ́mì Àgbà nìkan ló máa ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí.

Àwọn atẹ̀wé Bájùláyé ò mọ orúkọ wọn. Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè wọ́n. Àmì orí, àmì abẹ́, wọn kì í fojú fo ẹyọ kan. Wọ́n á dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń pariwo, wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á fa bébà kan yọ, wọ́n á ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Bàbá tó ni ilé ìtẹ̀wé náà á káwọ́ lérí. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Alámì, àmì tíńtín yẹn, ta ló máa rí i?" Mọ́mì Àgbà á wò wọ́n láti òkè awò. "Èmi ti rí i. Àbí èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Kì í ṣe inú jọ́nà nìkan o. Ìwé ètò ìsìn ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, pátákó oníṣòwò, orúkọ òkú lára ògiri, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Lọ́jọ́ kan à ń ti Bájùláyé bọ̀, a kan ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí wọ́n kọ MA TO SIBI sí gàdàgbà gadagba, ọkùnrin kan sì dúró síbẹ̀ tó ń tọ̀. Mọ́mì Àgbà yọ ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n nawọ́ gba orí ẹ̀ kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà fò sókè.

"Háà! Mà! Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń fi àmì sí i ni, kó o lè rí i kà."

Ó fa ṣòkòtò sókè, ó wo ògiri, ó wò wọ́n. "Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé 'màá tọ̀ síbí' ni."

Mọ́mì Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mí lápá mú. Wọ́n ń rántí ẹ̀ délé, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tá a bá pàdé pé, "Ẹ gbọ́ o, ibi tí àmì ò bá sí, ìtọ̀ á ṣàn."

Èmi máa ń rò pé ìwé ló fà á. Kì í ṣe ìwé. Ọmọdé ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbé wọn wá sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ní Ṣómólú, láti abúlé kan lápá Ọ̀yọ́. Níbi tí wọ́n ti wá, kò sí ṣ lẹ́nu àwọn èèyàn. S ni gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́, isẹ́ ni. Ọṣẹ, ọsẹ ni. Tíṣà bi wọ́n léèrè iṣẹ́ àmúrelé, ọmọ dìde, ó fi gbogbo ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Mo ti se isẹ́ mi, Mà." Ọmọ kan lẹ́yìn pariwo pé, "Ó se iṣẹ́! Ṣé ó fi iyọ̀ sí i?" Kíláàsì dàrú. Láti ọjọ́ yẹn, Oníyọ̀ ni orúkọ wọn ní ilé ìwé. Wọ́n dúró níwájú dígí, wọ́n ń pe ṣ títí ètè fi ń ro wọ́n, títí ó fi dúró lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n sì dàgbà, wọ́n di ẹni tó ń fi àmì sí abẹ́ s gbogbo ayé. Àfi bí inú bá bí wọn burúkú burúkú ni àmì náà máa ń jábọ́. Bí o bá ti gbọ́ "Kí lo se?" lẹ́nu Mọ́mì Àgbà, tètè wá ibi sá sí.

Ìyá wọn kò kúrò ní abúlé. Àṣàkẹ́ lorúkọ wọn, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè tà, omi eérú sì ti fi àpá sí wọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Nígbà tí Mọ́mì Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní yunifásítì, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá ìyá wọn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú s abúlé wọn. Gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn ń sọ kiri: "Mo se ọsẹ, ọsẹ ṣe Àsàkẹ́." Ìyẹn ni pé ìyá sè é, òun náà sì ṣe ìyá léṣe. Tìtorí gbólóhùn yìí, Mọ́mì Àgbà ò gbà kí ọṣẹ dúdú wọlé wa. Àbúrò mi rà á wálé nígbà kan fún irorẹ́, wọ́n ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á. "Nǹkan tó ṣe ìyá mi ò ní bá mi gbélé."

Nígbà tí ojú wọn wá ń ṣe bàìbàì, ìgbìmọ̀ jọ́nà pè wọ́n sí ìpàdé. Àwọn èèyàn náà fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ò lọ́wọ̀ nínú: bí kò bá sí olóòtú tuntun kí ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀ tó jáde, àwọn máa da Àgbọ́yé pọ̀ mọ́ jọ́nà kan tó ń jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kúkú ti pẹ́ tí alága ti ń wá bó ṣe máa rí báyìí. Mọ́mì Àgbà dé, wọn ò bọ́ bàtà, wọn ò mu omi. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. "Àjọkẹ́, gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá. À ń wá olóòtú. Ìwé yìí ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́, èmi náà ò sì ní kú ká tó rí i."

Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀wé wá. Àwọn tó dáa nínú wọn, Mọ́mì Àgbà ní kí wọ́n wá sílé, wọ́n á sì gbé ojú ewé bíi mélòó kan lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú bírò pupa. "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bí olóòtú." Wọn kì í sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ọlọ́ṣẹ ni. Èmi ni mo tún un tẹ̀ láti inú ìtẹ̀jáde àtijọ́, mo sì yọ àkọlé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kúrò.

Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, dókítà nínú ìtàn, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ sé o, Mà. Isẹ́ ńlá lẹ ń se." Orí mi wú, mo ní ẹni wa ti dé. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àmì sábẹ́ gbogbo s tó wà níbẹ̀, kò dá ọ̀kan sí. Nígbà tó lọ, Mọ́mì Àgbà gbé bébà náà sókè wò ó. "Ẹnu ẹ̀ ń sọ se, bírò ẹ̀ ń kọ ṣe. Ta ló dẹ́rù bà á báyìí?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọ́ńkù Ṣẹ́gun dé. Ọ́ńkù Ṣẹ́gun ni àkọ́bí Mọ́mì Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, prọ̀fẹ́sọ̀ pátápátá. Gbogbo ìdílé ló ti gbà pé ọ́ńkù yìí ló máa jogún Àgbọ́yé, ọ́ńkù náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn wá gba ìdánwò kí ayé má bàa rí wí ni. Wọ́n ṣe é láàárín ìgbà tí mo fi se ìrẹsì; àmì ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ojú ewé náà pupa fòò, kò sì sí ohun tí olùkọ́ kankan máa rí ṣe àtúnṣe sí níbẹ̀. Mọ́mì Àgbà kà á, wọ́n bọ́ awò.

"O ṣe dáadáa, Ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò sí nínú ẹ̀ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ Mọ́mì Abúlé nìyí? Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ó yẹ kó o bèèrè. Olóòtú tí ò bá bèèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ ṣe olóòtú lé lórí?"

Ọ́ńkù Ṣẹ́gun dìde. Mi ò gbọ́ kí wọ́n gbóhùn sókè sí ìyá wọn rí àfi ọjọ́ yẹn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi! Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ fi bírò pupa yìí gan-an kọ́ mi! Mo sọ se níbí yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ní kí n kúnlẹ̀!" Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n lọ, ìrẹsì wọn wà lórí tábìlì. Mọ́mì Àgbà jókòó síbẹ̀ títí ìrẹsì náà fi tutù. Mo ní kí n gbé e kúrò, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ," wọ́n sì ní kí n pe ẹni tó kàn.

Inú ń bí mi sí wọn lásìkò yẹn, kí n má parọ́. Bàbá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, alága ìgbìmọ̀ ń pè lójoojúmọ́, ọjọ́ ìtẹ̀jáde ń sún mọ́lé. Mo ní, "Mọ́mì Àgbà, ẹ gbé e fún Ọ́ńkù Ṣẹ́gun jàre, ká sinmi." Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn na ìwé olùdíje tó kù sí mi ni.

Ẹni tó kàn yẹn ni Sìdíkátù. Ládílák ní Bàrígà ló ti wá, ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀ láti ayébáyé. Ó gboyè dókítà, ó sì ń kọ́ni ní Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ó jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí mo bá pe òun ní ẹ̀yin, òun ò ní dá mi lóhùn. Ó kúnlẹ̀ kí Mọ́mì Àgbà, ó jókòó, ó wo bébà náà títí, kò fọwọ́ kan bírò. Ó wá gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé mo lè kà á sókè?"

Kò sí ẹlòmíì tó bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú s tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kò tún ọ̀kan ṣe. Mo rí i pé Mọ́mì Àgbà ti fẹ̀yìn ti àga, wọ́n dijú. Ó jọ pé abúlé ti wọ pálọ̀ wa. Ó kà dé gbólóhùn ọṣẹ yẹn, ó dúró. Ó padà, ó tún un kà. Ó wá mú bírò pupa, ó ṣe róńdò kékeré kan yí ọ̀rọ̀ kan ká.

"Ẹnu mi ń kọsẹ̀ níbí, Mà. Láti òkè ni ìyá yìí ti ń sọ s. Isẹ́, ọsẹ, Àsàkẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní àmì lábẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé ó gbọ́ ọ ni, àbí ó fi sí i?"

Háà. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Mọ́mì Àgbà lajú. "Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Sìdíkátù ti wà lórí eékún. "Yéè! Ẹ má bínú, Mà, mi ò mọ̀, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Dìde, mo ní. Bi mí bó o ṣe bi í."

Ọmọ náà dìde, ó sì bèèrè. Ó gbójú, mo fún un níyẹn. "Ẹ gbọ́ ọ ni, Mà, àbí ẹ fi sí i?"

Mọ́mì Àgbà ní kí n wá kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn. Bí mo ṣe dìde, wọ́n ní kí n jókòó, kò pọn dandan. Wọ́n tún dijú, wọ́n sì sọ ọ́ ní ohùn tí mi ò gbọ́ rí, ohùn ìyá wọn: "Mo se ọsẹ, ọsẹ se Àsàkẹ́." Wọ́n tún un sọ. Wọ́n fọwọ́ kan ètè ara wọn bí ẹni pé wọ́n ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Mo fi sí i," wọ́n ní. "Ìyá mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi sí i."

"Láìsí àmì, Mà," Sìdíkátù sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ó lè jẹ́ pé ọṣẹ ṣe wọ́n léṣe. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà sè wọ́n, pé ó sè wọ́n jinná. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ayé ti se àwọn jinná. Wọn kì í fi sunkún, wọ́n fi ń yangàn ni."

"Èwo wá ni tìyá mi?"

"Mi ò gbọ́ ohùn wọn, Mà. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ ti yan ọ̀kan fún wọn."

Mọ́mì Àgbà bú sẹ́kún. Ìyá Alámì, tí mi ò rí omi lójú wọn nígbà tí bàbá mi àgbà kú! "Wọ́n rẹ́rìn-ín," wọ́n ní. "Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n wò ó. Mo rò pé ẹ̀rín ìyà ni."

Ìgbìmọ̀ ò fẹ́ Sìdíkátù. Wọ́n ní ọmọdé ni, wọ́n ní kì í ṣe prọ̀fẹ́sọ̀. Mọ́mì Àgbà wọ aṣọ òkè wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ìpàdé náà, wọ́n sì gbé gbogbo bébà tó pupa sórí tábìlì níwájú wọn, pẹ̀lú ọ̀kan tí kò ní ju róńdò kékeré kan lọ. "Àwọn tó rí àṣìṣe ìyá mi pọ̀. Ẹni tó rí tèmi, ẹyọ kan ni. Òun ni olóòtú. Bẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ máa rí mi níbí lọ́la, àti lọ́túnla." Alága wo ojú wọn, ó rí i pé wọ́n máa wá lóòótọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n ní ká yà sí ọjà Bàrígà. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n rà. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn dé ìgúnpá nínú bésìnnì kíṣìnnì wa, wọ́n sì lọ rẹ́rìn-ín fún ara wọn nínú dígí. Àbúrò mi tó rí i lanu sílẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí Sìdíkátù ṣe tún ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ tẹ̀. Mọ́mì Àgbà tẹ̀ lé mi dé Bájùláyé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bàbá atẹ̀wé wo ibi tí wọ́n na ìka sí, ó wò wọ́n. "Ìyá Alámì! Àmì lẹ ní ká yọ lónìí?"

"Ẹ yọ ọ́. Kì í ṣe ti ìyá mi."

Ọ́ńkù Ṣẹ́gun padà wá nígbà tí àìsàn ti dá Mọ́mì Àgbà dùbúlẹ̀. Wọn ò tọrọ àforíjì, Mọ́mì Àgbà náà ò tọrọ. Ọ́ńkù kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ka Àgbọ́yé sókè fún ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀rọ̀ Mọ́mì Abúlé, wọ́n ń kọsẹ̀, torí ẹnu wọn ò mọ s yẹn mọ́. Mọ́mì Àgbà nawọ́ dì wọ́n mú. "Èmi ni mo kọ́ ọ, Ṣẹ́gun. Mo kọ́ ọ tán kémi tó gbọ́n. Máa kà á lọ."

Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, àmì bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu Mọ́mì Àgbà, bẹ́ẹ̀ inú ò sì bí wọn. "Ẹ sé." "Kí lẹ se lónìí?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mò ń nu ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Àjọkẹ́, mo se isẹ́, isẹ́ se Abẹ́kẹ́."

Omi ti lé sí mi lójú, mo fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. "Mọ́mì Àgbà, ṣé ẹ fi iyọ̀ sí i?"

"Iyọ̀ ẹ̀ pé," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìyẹn.

Sìdíkátù ló ní kí n kọ ìrántí yìí fún Àgbọ́yé. Mo fi ránṣẹ́ sí i, ó dá a padà, ó fi bírò pupa ṣe róńdò kékeré kan yí gbólóhùn Mọ́mì Àgbà ká, ó sì kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo mọ ìbéèrè náà kí n tó kà á. Èmi náà mú bírò, mo kọ ìdáhùn sábẹ́ ẹ̀: Mo gbọ́ ọ.